Iṣan tó já àti èròjà tó ń mú un hù: ibi tí ìwádìí dé, ibi tó ti há

Ọmọ ọdún mẹ́ta gba abẹ́rẹ́ ibà ní ìdí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń wọ́ nílẹ̀. Ọlọ́kadà ṣubú, èjìká ló fi gúnlẹ̀, apá rẹ̀ rọ bí aṣọ tó wà lórí okùn. Ìbéèrè tí ẹbí máa ń bi dókítà kì í yàtọ̀: ṣé kò sí oògùn tó lè mú iṣan yẹn hù padà ni? Àwọn tó ń ta kápúsù lórí Facebook àti WhatsApp kì í jẹ́ kí ìbéèrè náà tutù kí wọ́n tó dáhùn: ó wà, ẹ sanwó.

Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ́ irọ́ pátápátá. Èròjà tó ń mú iṣan hù wà. Ara ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, àwọn onímọ̀ ti mọ̀ ọ́n láti bí àádọ́rin ọdún, ẹ̀bùn Nobel sì ti tẹ̀lé e. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dán an wò lára aláìsàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, kò ṣe wọ́n ní ohun tí wọ́n retí. Ohun tó ń ṣi èèyàn lọ́nà ni pé a máa ń fojú ajílẹ̀ wò ó: bù ú sílẹ̀, kí ohun ọ̀gbìn ta. Kì í ṣe ajílẹ̀. Ó sún mọ́ òórùn ọbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ibi tó ti ń ta sánsán ni iṣan ń forí lé, bó bá sì gba gbogbo ilé kan, iṣan kò ní mọ yàrá tí yóò yà sí.

Iṣan ni Yorùbá ń pe ti ẹ̀jẹ̀, ti ẹran ara àti ti ìmọ̀lára papọ̀. Èyí tí à ń bá wí níbí ni waya tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ, tó sì ń gbé àṣẹ ọpọlọ padà wá. Sẹ́ẹ̀lì iṣan kọ̀ọ̀kan ní orí tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ó sì ní okùn tó lè gùn tó mítà kan, láti ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Orí yẹn wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí okùn bá já ní ìdí tàbí ní itan, orí sábà máa ń yè é. Apá ìsàlẹ̀ okùn ló ń jẹrà.

Ẹyin adìyẹ, oró ejò, itọ́ eku

Ní 1934, Viktor Hamburger, ọmọ Jámánì tó ti wà ní Amẹ́ríkà, ròyìn pé òun gé ibi tí apá yóò ti hù lára ọlẹ̀ adìyẹ nínú ẹyin. Sẹ́ẹ̀lì iṣan tó yẹ kó lọ sí apá náà dín kù gan-an. Ó gbà pé apá ló ń ránṣẹ́ pé kí ara dá sẹ́ẹ̀lì iṣan sílẹ̀. Bí kò bá sí apá, kò sí ìránṣẹ́. Rita Levi-Montalcini, Júù ọmọ ìlú Turin ní Ítálì, tún iṣẹ́ náà ṣe nínú yàrá ibùsùn rẹ̀ nígbà ogun, nítorí pé òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí Mussolini ṣe ní 1938 ti lé e kúrò ní yunifásítì. Ohun tó rí yàtọ̀. Ara dá sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn sílẹ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n na okùn jáde, wọn kò bá ẹnì kankan níbi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì kú. Ọ̀rọ̀ kékeré ló dà bí, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó kù: iṣan kì í kú nítorí pé wọn kò bí i, ó ń kú nítorí pé kò rí ẹni bọ́ ọ.

Hamburger pè é wá sí St. Louis ní Amẹ́ríkà ní 1947. Ọmọ iṣẹ́ Hamburger kan, Elmer Bueker, ti rí i pé bí wọ́n bá lẹ ẹran jẹjẹrẹ eku kan mọ́ ọlẹ̀ adìyẹ, iṣan ìmọ̀lára máa ń ya wọ inú jẹjẹrẹ náà. Ní 1952 Levi-Montalcini gbé eku tó ní jẹjẹrẹ yẹn wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Rio de Janeiro, sọ́dọ̀ Hertha Meyer tó mọ bí a ṣe ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì nínú abọ́. Wọ́n gbé jẹjẹrẹ sí ẹ̀gbẹ́ kókó iṣan kan, wọn kò jẹ́ kí méjèèjì fara kanra. Láàárín ọjọ́ kan, okùn iṣan ti yọ yí kókó náà ká, bí ìrù ọ̀kín tó tàn. Nǹkan kan ń sun jáde lára jẹjẹrẹ náà.

Stanley Cohen, onímọ̀ kẹ́místírì, ló wá nǹkan yẹn rí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ásíìdì inú sẹ́ẹ̀lì, irú èyí tí DNA jẹ́, ló wà nídìí rẹ̀, ó sì bu oró ejò díẹ̀ sí i nítorí pé oró ejò máa ń gé ásíìdì bẹ́ẹ̀ wẹ́wẹ́. Dípò kí iṣan dáwọ́ dúró, ńṣe ló hù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: oró ejò gan-an ní èròjà náà nínú, ó sì pọ̀ ju ti jẹjẹrẹ lọ. Níwọ̀n bí ẹṣẹ́ oró ejò (àpò tó ń ṣe oró) ti jẹ́ ẹ̀yà ẹṣẹ́ itọ́, Cohen yíjú sí ẹṣẹ́ itọ́ akọ eku, ó sì bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ṣe oògùn tó ń dènà èròjà yìí, tí wọ́n gún un fún ọmọ eku tuntun, ẹ̀yà iṣan kan tó ń darí ọkàn, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti òógùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán lára wọn. Iyè méjì kò sí mọ́. Levi-Montalcini àti Cohen gba Nobel ní 1986. NGF ni wọ́n ń pe èròjà náà, ìkékúrú nerve growth factor. Pùròtéènì ni, apá méjì tó dì mọ́ra, apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ amino acid 118 tí wọ́n sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ìyẹn ẹ̀gbọ́n. Àbúrò rẹ̀, BDNF, gba wàhálà jù ú lọ: ní 1982, Yves-Alain Barde àti Hans Thoenen ní Jámánì lọ ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ kílò kan àti ààbọ̀ kí wọ́n tó rí nǹkan bíi máíkírógírámù kan ṣoṣo. GDNF, èròjà mìíràn tó ń bọ́ iṣan, dé ní 1993. Bí ẹ bá ti mọ mẹ́ta yìí, ẹ ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ìròyìn ń sọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nígbà tí ọlẹ̀ ń dàgbà, ara máa ń dá sẹ́ẹ̀lì iṣan tó pọ̀ ju ohun tó nílò lọ. Níbi púpọ̀, bí ìdajì ni yóò kú. Ẹran ara tí okùn ń wá lọ ló ń ṣe èròjà yìí, kì í sì í ṣe é lọ́pọ̀. Ẹni tó bá dé tó rí mu ni yóò yè.

Àwòrán tó mọ́ jù nípa èyí ni abọ́ tí Robert Campenot ṣe ní 1977. Ó fi ògiri kéékèèké pín abọ́ náà sí yàrá mẹ́ta, ó fi gíríìsì dí abẹ́ ògiri kí omi yàrá kan má ba à dà sí èkejì, ṣùgbọ́n okùn iṣan lè rá kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ó gbin sẹ́ẹ̀lì sí yàrá àárín. Yàrá ẹ̀gbẹ́ tó ní NGF ni okùn wọ̀. Èyí tí kò ní, wọn kò yà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ NGF kúrò ní àárín, níbi tí orí sẹ́ẹ̀lì wà. Àwọn tí okùn wọn ti dé ibi oúnjẹ kò kú. Ó tún wá yọ ọ́ ní yàrá ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn okùn yàrá yẹn rọ, ti yàrá kejì kò sì mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ibi tí wọ́n gbé èròjà sí ń pinnu ohun gbogbo. Bí a bá tú u sínú ẹ̀jẹ̀, tó dé ibi gbogbo, a ti gba ìtumọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà tí NGF ń bá wọlé lára sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè ní TrkA. BDNF ní TrkB tirẹ̀, GDNF ń lo RET. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ẹnu ọ̀nà náà kì í gbọ́, bó ti wù kí èròjà pọ̀ tó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò tó bá kan àwọn oníkápúsù: sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àṣẹ lọ sí ẹran ẹsẹ̀ àgbàlagbà kò ní TrkA. NGF kò lè gbé ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ dìde.

Nínú yàrá ìwádìí, ẹni tó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ NGF sábà máa ń lo sẹ́ẹ̀lì PC12, tí wọ́n mú lára jẹjẹrẹ eku ní 1976. Wọ́n á fi kólájìn tẹ́ abọ́, wọ́n á dín sírọ́ọ̀mù (omi ara ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì) kù sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á fi 50 nanógírámù NGF sí mìlílítà kan, wọ́n á máa pààrọ̀ omi rẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kan, sẹ́ẹ̀lì tó rí róbótó tẹ́lẹ̀ á ti yọ okùn. Ìwọ̀n yẹn kéré débi pé gírámù kan péré á tó po tánkà omi 10,000 lítà méjì. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ kò ju mélòó kan lọ: wọn kò tẹ́ abọ́, sẹ́ẹ̀lì bá kóra jọ bí ẹ̀kọ tó di kókó; wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì ní àgbìnjù; sẹ́ẹ̀lì ti gbó, wọ́n ti pín in láti abọ́ dé abọ́ fún ìgbà pípẹ́; tàbí NGF gan-an ti lẹ̀ mọ́ ara ìgò ike nítorí pé wọ́n pò ó ní fífúyẹ́ láìfi albumin, pùròtéènì tí kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ike, sí i. Àwọn tó ń yọ ọ́ nínú yìnyín tí wọ́n tún ń dá a padà lójoojúmọ́ náà kò ní pẹ́ sọ pé ọjà tí àwọn rà kò dára.

Nígbà tó kan èèyàn

Ìdánwò tó tóbi jù lọ fún NGF ni ti àwọn alárùn ìtọ̀ ṣúgà tí iṣan ẹsẹ̀ wọn ti ń kú. Ènìyàn 1,019 ni, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 48, ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírógírámù fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Èsì jáde ní 2000: kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n gún ní omi lásán. Kí ló dé tí wọ́n fi fún wọn ní ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀, nígbà tí eku ń gba ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀? Nítorí ìrora ni. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn tí ara wọn le, máíkírógírámù kan fún kílò kan ti tó láti mú ẹran ara dun wọ́n fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ìrora yìí kì í ṣe àṣìṣe inú oògùn, iṣẹ́ NGF gan-an ni. Nígbà tí èèyàn bá ti dàgbà tán, ibi tó bá wú tàbí tó gbóná lára máa ń tú NGF jáde kí iṣan ìrora lè jí pépé. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí tí TrkA wọn ti bàjẹ́: wọn kì í mọ ìrora rárá, wọn kì í sì í làágùn. Wọ́n máa ń gé ahọ́n ara wọn jẹ, wọ́n ń dá egungun láìmọ̀, ooru lásán sì lè pa wọ́n. Kò ṣe é yà sọ́tọ̀: èròjà tó ń tọ́ iṣan ìrora dàgbà náà ló ń mú un pariwo.

Àwọn oníṣòwò oògùn wá yí ọgbọ́n padà. Bí NGF bá ń fa ìrora, ẹ jẹ́ ká dènà rẹ̀ fún àwọn tí oríkèé ń dùn. Tanezumab tí Pfizer àti Lilly ṣe dín ìrora orúnkún kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n oríkèé àwọn kan bàjẹ́ ní kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ. Ní oṣù kẹta 2021, ìgbìmọ̀ tó ń gba FDA, àjọ tó ń fún oògùn ní àṣẹ ní Amẹ́ríkà, nímọ̀ràn dìbò 19 sí 1 takò ó, kí ọdún náà sì tó parí àwọn ilé iṣẹ́ náà ti pa á tì. Ajá àti ológbò ló kù tó ń jẹ àǹfààní ọgbọ́n yìí: bedinvetmab, abẹ́rẹ́ kan lóṣù fún ajá tí oríkèé ń dùn, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2023, ti ológbò sì ti ṣáájú rẹ̀ ní 2022. Ní ìparí 2024 FDA kọ̀wé sí àwọn dókítà ẹran pé kí wọ́n máa ṣọ́ ajá tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà.

Ojú ni NGF ti rí ibi jókòó sí. Awọ tó mọ́lẹ̀ gaara níwájú ẹyinjú ní iṣan ìmọ̀lára púpọ̀. Bí iṣan wọ̀nyẹn bá kú, awọ náà á máa dá egbò tí kì í jiná. Cenegermin, ìyẹn NGF tí wọ́n fi kòkòrò bakitéríà ṣe, gba àṣẹ ní Yúróòpù ní 2017 àti ní Amẹ́ríkà ní 2018. 20 máíkírógírámù nínú mìlílítà, ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, wákàtí méjì-méjì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ibi tó yẹ kó dé gan-an ló kán sí, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ tí yóò gbé e káàkiri. Owó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn ní Amẹ́ríkà lè kọ́ ilé ní ọ̀pọ̀ ìlú wa.

Ọpọlọ ṣòro ju ojú lọ, nítorí pé pùròtéènì kì í ráyè gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ. Fún àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, wọ́n ki ọ̀pá tín-ín-rín wọ inú ọpọlọ láti máa ro GDNF síbẹ̀. Àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2003, gbádùn. Kò sí àwọn tí wọ́n fi wé wọn. Nígbà tí wọ́n fi ènìyàn 34 ṣe ìdánwò gidi, kò sí ìyàtọ̀. Èyí tí Bristol tún ṣe, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, kò dé ibi tí wọ́n fi àmì sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán ọpọlọ fi hàn pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbi tí èròjà náà dé. Ohun tó ń lọ lọ́wọ́ báyìí ni kí fáírọ́ọ̀sì tí kò lè pani lára gbé àpilẹ̀ (gene) GDNF wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, kí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe é fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lo ọgbọ́n yẹn pẹ̀lú NGF fún ènìyàn 49 tó ní àrùn ìgbàgbé Alzheimer, kò gbè wọ́n. Nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn tó ti kú wò, wọ́n rí i pé NGF kò dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rán an sí. Mìlímítà mélòó kan ló kù. Ní tèmi, ìdánwò yẹn kò tíì sọ pé NGF kò ṣiṣẹ́; ohun tó sọ ni pé abẹ́rẹ́ ṣìnà.

Ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ ńkọ́?

Iṣan ẹsẹ̀ àti apá kì í dúró de oògùn kó tó máa hù. Bí okùn bá já, àwọn sẹ́ẹ̀lì Schwann tó wé mọ́ ọn á palẹ̀ èyí tó jẹrà mọ́, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á sì máa tú NGF, BDNF àti GDNF jáde. Okùn tuntun á máa bá ọ̀nà yẹn bọ̀, bíi mìlímítà kan lójúmọ́. (Inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀rá tó wé okùn níbẹ̀ àti àpá tó ń dì níbẹ̀ ń lé okùn padà.)

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Láti ìdí àgbàlagbà dé ẹran abẹ́ orúnkún tó ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè tó 50 sẹ̀ǹtímítà: 500 ọjọ́. Ẹran tí kò rí iṣan fún oṣù 12 sí 18 á ti máa di ọ̀rá àti àpá, kò ní gba iṣan mọ́ bó tilẹ̀ dé. Sẹ́ẹ̀lì Schwann náà á rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọn kò ní tú èròjà jáde bíi ti àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní ju 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi ń bọ̀ sípò ju bàbá rẹ̀ lọ, kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tutù.

Wọ́n ti gbìyànjú láti gbin sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe GDNF lọ́pọ̀ sójú ibi tí iṣan eku já. Okùn dé ibẹ̀, ó rí adùn, ó sì jókòó síbẹ̀: ó ń wé mọ́ ara rẹ̀ bí òwú, kò lọ síwájú mọ́. Ọ̀rọ̀ òórùn ọbẹ̀ náà ni. Iṣẹ́ tó ń lọ báyìí ni bí wọ́n ṣe lè tan èròjà náà kí wọ́n sì pa á nígbà tó bá yẹ, tàbí kí wọ́n tẹ́ ẹ fúyẹ́ lápá òkè, kó ki lápá ìsàlẹ̀. Ọ̀nà kan wà tó sún mọ́ ilé ju ìyẹn lọ: bí dókítà bá ti rán iṣan tán, wọ́n á fi iná mànàmáná díẹ̀ ta á ní ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fún wákàtí kan péré. Sẹ́ẹ̀lì iṣan fúnra rẹ̀ á ṣe BDNF àti TrkB sí i, okùn púpọ̀ á sì tètè sọdá ojú ìrán. Tessa Gordon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ló ṣe iṣẹ́ yìí lára eku, wọ́n sì ti dán an wò lára èèyàn.

Kápúsù ńkọ́? NGF tí a bá gbé mì, inú á jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ ẹran. Olú tí wọ́n ń pè ní lion's mane ní èròjà tó ń mú sẹ́ẹ̀lì inú abọ́ ṣe NGF sí i. Láti abọ́ dé ìdí ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ jìnnà púpọ̀, ẹ sì rántí pé iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ kò gbọ́ èdè NGF. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ jù ni Vitamin B6 tó pọ̀ lápọ̀jù nínú àwọn oògùn iṣan tí wọ́n ń tà: àpọ̀jù rẹ̀ fún oṣù mélòó kan ń pa iṣan ìmọ̀lára fúnra rẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹbí ni àkókò. Bí ọ̀bẹ tàbí dígí bá gé iṣan ní gígé mímọ́, kí oníṣẹ́ abẹ rán an láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí ohun tó ya á bá fà á ya yánkan-yànkan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n lè mọ ibi tó kú dé. Bí awọ kò bá ya, bíi ti abẹ́rẹ́ tàbí èjìká tí wọ́n fi gúnlẹ̀, wọ́n á máa wò ó fún oṣù mẹ́ta. Àyẹ̀wò iná iṣan kì í sọ òótọ́ ní ọjọ́ kejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni ó ń mọ́ dáadáa. Láàárín àkókò yẹn, fisiọ́ lójoojúmọ́ àti pátákó tó ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ dúró, kí oríkèé má ba à gan. Àyẹ̀wò kan sì wà tí kò gba owó: ẹ fi ìka gbá ojú ọ̀nà iṣan náà fẹ́ẹ́rẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ibi tó bá ta aláìsàn wìnnìwìnnì ni okùn tuntun dé. Ẹ fi báírò sàmì sí i, ẹ fi tépù wọ̀n ọ́ láti ojú ọgbẹ́, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀lé e ó yẹ kó ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀. Bó bá dúró sójú kan fún oṣù mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí oṣù kẹrin bá yín nílé. Ẹ gbé ìwé ìwọ̀n yẹn lọ bá oníṣẹ́ abẹ iṣan.